Òkúta Ìpìlẹ̀ Búlọ́ọ̀gì Olóyè Dúrójayé

Ọkùnrin kan wà ní Awoyaya tó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún ohun tí kò ní ìpìlẹ̀, tí kò ní ògiri, tí kò ní òrùlé, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fọwọ́ kàn. Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ ohun tí òkúta náà fi ojú rẹ̀ rí.

Orúkọ rẹ̀ ni Olóyè Dúrójayé Ọdúnjọ, Alága àwọn onílé àti ayálégbé Ẹsítéètì Ìrètí-Ayọ̀. Ipò tí wọ́n dìbò fún un kò ju ìyẹn lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì, kí wọ́n máa kó ìdọ̀tí, kí wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ rìn láti ilé rẹ̀ dé ẹnu géètì, ẹ ó rò pé ìlú kan ló ń ṣí lọ. Ẹ̀ṣọ́ kan á ṣáájú, ẹ̀ṣọ́ kan á tẹ̀lé e, Akọ̀wé Gbàdàmọ́sí á gbé àpò rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú àpò náà ju aṣọ ìnujú lọ.

Awoyaya ni ẹsítéètì náà wà. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ajah mọ̀ bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ tó ń sùn sẹ́bàá títì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olóyè nìkan ni kò gbà.

"Lẹ́kkí ni wá," ni ó máa ń wí. "Lẹ́kkí tó gùn díẹ̀ ni."

Gbàdàmọ́sí á ní, "Ó gùn ún dáadáa, Olóyè."

Ẹ fiyè sí Gbàdàmọ́sí yìí. Iṣẹ́ ìjọba ló ti fẹ̀yìn tì, níbi tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí Olóyè bá sín, á ní ọgbọ́n ló jáde yẹn. Bí Olóyè bá dákẹ́, á ní kí gbogbo èèyàn kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn alága ẹsítéètì jọ sí Lẹ́kkí Phase 1. Olóyè wọ agbádá tó gba ìjókòó méjì. Wọ́n fún un ní omi tútù àti bisikíìtì. Alága kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ ṣòkòtò jíǹsì, tó ń jẹ́ Victor. Wọ́n bi Victor léèrè bí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ṣe ń mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà. Ó ní, "Ó wà lórí búlọ́ọ̀gì wa."

Gbogbo èèyàn mi orí. Olóyè náà mi orí. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ búlọ́ọ̀gì. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹni tó wọ jíǹsì ní in, òun tó wọ agbádá kò ní in.

Nínú ọkọ̀ ló ti bi Gbàdàmọ́sí. "Akọ̀wé, kí ni wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀gì gan-an?"

"Ibì kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Olóyè. Èèyàn ńlá á kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, gbogbo ayé á máa kà á."

"Gbogbo ayé?"

"Títí dé Kánádà."

Títí wọ́n fi kọjá Ajah ni Olóyè ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí Kánádà ń wò padà.

Nígbà tó délé, ó bá Modúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń bomi rin ẹ̀fọ́ tó gbìn sínú ike ọ̀dà.

"Ìyá Níyì, a fẹ́ ní búlọ́ọ̀gì."

Inú ìyàwó rẹ̀ dùn. "Háà, ẹ ṣeun, Bàbá Níyì. Kò tiẹ̀ le rárá. Èmi gan-an—"

"Ìyá Níyì, ọ̀rọ̀ ìlú là ń sọ. Bomi rin ẹ̀fọ́ rẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Olóyè kò mọ̀ fún yín. Modúpẹ́ ti ní búlọ́ọ̀gì tirẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ inú ike ló ń kọ síbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ṣí i, nígbà tó ń dúró de ẹ̀wà kó jinná. Ẹ̀wà náà kò tíì rọ̀ tí iṣẹ́ fi parí. Àwọn tó ń kà á wà ní Ìkàtè, wọ́n wà ní Ìbàdàn, wọ́n tiẹ̀ wà ní Kánádà náà. Gbogbo ìgbà ló ń gbìyànjú láti sọ fún ọkọ rẹ̀, gbogbo ìgbà ni ọkọ rẹ̀ ń rán an lọ sídìí ẹ̀fọ́. Ọkùnrin tí ìyàwó ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé tí kò gbọ́, kò tíì mọ bí ilé ṣe ń rí nígbà tó bá dákẹ́.

Ọjọ́ ìpàdé dé. Olóyè dìde, ó wúkọ́, ó dúró kí Gbàdàmọ́sí pàtẹ́wọ́ fún ikọ́ náà.

"Ẹ̀yin ará Lẹ́kkí!" Àwọn ará Awoyaya wo ara wọn lójú. "Mo ti rí ọjọ́ iwájú. Mo bá a jókòó ní Phase 1, a jọ jẹ bisikíìtì. Ó ní kí n kí yín. A máa ní búlọ́ọ̀gì! Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn kàn ń dédé bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń sín. Búlọ́ọ̀gì tí a pète, tí a pèrò, tí a wò níwá tí a wò lẹ́yìn, tí a gbàdúrà sí, kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láìpète, àṣedànù ló bẹ̀rẹ̀!"

Gbàdàmọ́sí dìde láti yìn ín, ó tún jókòó padà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wúwo ju ẹsẹ̀ òun lọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ète kò burú. Ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan fún aráyé yẹ kó mọ àwọn tí yóò kà á, kó mọ ohun tó fẹ́ sọ, kó sì mọ ìgbà tí yóò máa sọ ọ́. Èèyàn lè ro gbogbo ìyẹn parí nídìí abọ́ tó ń fọ̀. Ṣùgbọ́n Olóyè kò fẹ́ kọ nǹkan kan. Àga ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan ló fẹ́ jókòó sí, kó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ó wá ṣòfin. "Láti òní lọ, mo ti Wásáàpù ẹsítéètì pa. Kò sí ìkéde àdúgbò ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kò sí ní mọ́ṣáláṣí. A kò gbọdọ̀ lẹ ìwé mọ́ ògiri. Ohunkóhun tí kò bá sí lórí búlọ́ọ̀gì, kò ṣẹlẹ̀. Òfin ni!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn pátá. Ẹ rántí pàtẹ́wọ́ yẹn.

Ẹni kan ṣoṣo ló nawọ́, Ṣùkúrátù aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

"Olóyè, ẹ kú làákàyè o. Òjò ti ń ṣú. Ọjọ́ gọ́tà tọdún yìí ńkọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún. Kí òjò tó wọlé, wọ́n á kéde Sátidé kan ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, tolówó tálákà á gbé ṣọ́bìrì jáde.

"Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, Ṣùkúrátù," ni Olóyè wí. "Fi pamọ́. Ó máa wà lórí búlọ́ọ̀gì."

"Ìgbà wo ni búlọ́ọ̀gì máa bẹ̀rẹ̀, sà?"

"Bí a bá ti pète tán."

Ṣùkúrátù jókòó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò jókòó. Mùsùlùmí ni, ó sì jẹ́ pé láti Awoyaya dé Ajah, kò sí ẹni tó mọ sùtánà rán bí i tirẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun tó wà lódìkejì géètì ti gbé gbogbo aṣọ ìkórè wọn fún un, ti àgbà tòun ti ọmọ ọwọ́. Aṣọ funfun báláú kún ṣọ́ọ̀bù débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọlé. Bí omi gọ́tà bá kan aṣọ wọ̀nyẹn, odindi ìjọ kan kò ní rí nǹkan wọ̀ dé iwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ ìkórè, orúkọ tí Ṣùkúrátù sì ti fi abẹ́rẹ́ rán láti ìgbà èwe yóò tú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pète.

Kọmítì Orúkọ jókòó, wọ́n jẹ ìrẹsì. Ẹnì kan ní kí wọ́n pe búlọ́ọ̀gì náà ní Ìròyìn Ìrètí-Ayọ̀. Olóyè ní orúkọ kúkúrú kì í gba èèyàn ńlá. Wọ́n fi díẹ̀ kún un. Wọ́n tún fi kún un. Nígbà tí ìrẹsì fi máa tán, orúkọ ti di Ìmọ́lẹ̀ Ńlá Tí Olóyè Dúrójayé Ọdúnjọ Tàn Sí Ìrètí-Ayọ̀ Àti Gbogbo Agbègbè Lẹ́kkí Títí Dé Òkun. Omi bọ́ lójú Gbàdàmọ́sí. Ó ní "títí dé òkun" yẹn ló mú òun.

Kọmítì Fọ́tò pe ayàwòrán láti Ajah. Wọ́n yá àwòrán ayé rìbìtì kan lọ́wọ́ ilé-ìwé. Olóyè gbé ayé lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé e lọ́wọ́ òsì, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n mú níkẹyìn ni èyí tó ti ń wo ayé bí ẹni tó ń ná an, tó sì rí i pé ó ti wọ́n jù.

Kọmítì Èsì náà jókòó, nítorí àwọn tó bá ka ọ̀rọ̀ tán máa ń fèsì sábẹ́ rẹ̀. Olóyè ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fèsì kí Alága tó fèsì. Èsì àkọ́kọ́, ti Alága ni."

Ẹnì kan béèrè pé, "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin Alága fúnra yín lẹ kọ ọ̀rọ̀ náà ńkọ́?"

"Màá fèsì fún ara mi," ni Olóyè wí. "Màá kí ara mi kú iṣẹ́."

Ní gbogbo àkókò yìí, òjò ti ń fọwọ́ kan ilẹ̀ wò. Ṣùkúrátù wá, ó ní omi ti ń dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù òun. Olóyè ní kó fi pamọ́. Ó tún wá. Olóyè tún ní kó fi pamọ́. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà di àṣà ní Ìrètí-Ayọ̀. Bí ọmọ bá ní ebi ń pa òun, ìyá rẹ̀ á ní, "Fi pamọ́, ó máa wà lórí búlọ́ọ̀gì."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Olóyè jí pẹ̀lú èrò tuntun.

"Akọ̀wé, ṣé o ti rí iṣẹ́ ìlú kan tí kò ní òkúta ìpìlẹ̀? Ọjà ní. Ilé ìwòsàn ní. Búlọ́ọ̀gì tiwa ńkọ́?"

Gbàdàmọ́sí la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, làákàyè kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò ṣí i. "Olóyè," ni ó wí, "ó yà mí lẹ́nu pé Phase 1 ò rò ó."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Akínwálé. Bíríkìlà ni Akínwálé, ẹ̀fáńjẹ́lísìtì sì ni ní ìjọ aláṣọ funfun. Olóyè fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ géètì.

"Ibí ni. Kó ga, kó fẹ̀, kó jẹ́ pé orúkọ mi lẹni tó ń bọ̀ láti títì máa kọ́kọ́ rí."

Akínwálé wo ilẹ̀. Ó wo Olóyè. "Ọ̀gá Alága, ẹnu gọ́tà mà nìyí. Ibí ni omi gbogbo ilé ń gbà jáde."

"Ẹ̀fáńjẹ́lísìtì, ṣé ìgbàgbọ́ ẹ ò ju gọ́tà lọ ni?"

Gbàdàmọ́sí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ìgbàgbọ́ mi jù ú lọ, sà. Omi ni ò mọ̀."

"Omi máa rí orúkọ mi, á yà."

Akínwálé mọ ọ́n. Mi ò ní gbè é lẹ́yìn. Ó mọ̀ pé kò dára, ó sì mọ ọ́n. Ó fi páìpù tín-ín-rín kan sábẹ́ rẹ̀ láti fi tan ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ jẹ.

Modúpẹ́ náà rí i. Ó dúró de Olóyè lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Níyì, òkúta yẹn ti dí—"

"Ìyá Níyì, ẹ̀fọ́."

Ọjọ́ ìfilélẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ẹnu ni mo ní. Wọ́n lẹ mábù mọ́ òkúta náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé OLÓYÈ DÚRÓJAYÉ ỌDÚNJỌ LÓ FI ÒKÚTA ÌPÌLẸ̀ BÚLỌ́Ọ̀GÌ YÌÍ LÉLẸ̀. Àáfà gbàdúrà. Akínwálé lu agogo, ó gbàdúrà nínú sùtánà láìwọ bàtà, ojú ń tì í. Olóyè fi ṣíbí bíríkìlà kan síméńtì, ó ní ó ṣì tutù. Ó ti gbẹ tipẹ́.

Wọ́n pe Victor ará Phase 1 kó wá jowú. Victor yí òkúta náà ká.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóyè. Búlọ́ọ̀gì yín ńkọ́?"

"Òun lẹ ń wò yìí."

"Rárá, sà. Mo ní níbo la ti máa kà á?"

"A ṣì ń pète rẹ̀."

Victor bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn òkúta. Àkèré kan ló bá níbẹ̀. Òun àti àkèré wo ara wọn. Ó dìde, ó gbọn orúnkún, ó ní, "Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ n mọ̀."

"Gbogbo ayé ló máa mọ̀," ni Olóyè wí.

Ó sọ òótọ́. Òun ni kò mọ̀ pé òótọ́ lòun sọ.

Ọ̀sẹ̀ ìkórè gan-an lòjò ńlá rọ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti ń rọ̀, kò sinmi. Omi kóra jọ láti òkè ẹsítéètì, ó kó ọ̀rá, ó kó ewé, ó kó gbogbo ìdọ̀tí tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ lọ́dún yìí, ó ń bọ̀ wá sí ẹnu géètì. Ó dé ibẹ̀, ó rí orúkọ Olóyè. Ó yà lóòótọ́. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Ṣùkúrátù.

"Ẹ gbà mí o!" ni Ṣùkúrátù ké. "Aṣọ Ọlọ́run ń lọ sómi!"

Àwọn ọmọ ìjọ ń ṣe ìsìn lọ́wọ́. Wọ́n tú jáde nínú sùtánà, ẹsẹ̀ lásán bí ìṣe wọn. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí náà sáré dé. Wọ́n ń di aṣọ sínú ọ̀rá, wọ́n ń gbé e lérí, wọ́n dúró sínú omi, ọwọ́ méjèèjì lórí ẹrù. Òjò ti rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n omi òkè ṣì ń bọ̀. Ìdajì aṣọ ṣì so rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, omi dúdú sì ń gòkè lọ bá a.

Akínwálé gbé òòlù ńlá dé. "Ẹ yà o! Èmi ni mo mọ ọ́n, èmi náà ni n ó wó o."

Gbàdàmọ́sí ti sáré lọ sọ. Kí Akínwálé tó gbé òòlù sókè, Olóyè ti yọ, ó wà lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́ bí ọmọ ọwọ́, Gbàdàmọ́sí di etí agbádá mú lẹ́yìn kó má baà kan omi. Láti ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́ ló ti gbẹ́sẹ̀ lé orí òkúta. Ó nà ró.

"Ẹni tó bá fẹ́ fọ́ búlọ́ọ̀gì yìí, orí mi ni kó kọ́kọ́ fọ́!"

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀," ni Ṣùkúrátù ń bẹ̀ ẹ́. Omi ti dé orúnkún rẹ̀. "Ó ti fẹ́ kan ẹsẹ̀ aṣọ. Ẹ fojú àánú wò mí."

"Ṣùkúrátù, fọkàn balẹ̀. Fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ omi yìí gan-an ni màá fi ṣí búlọ́ọ̀gì."

Ṣùkúrátù wo ọkùnrin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọn aṣọ fún un. Ó wá kọjú sí èrò.

"Ẹ̀yin èèyàn, ta ló fi í jẹ alága?"

"Àwa ni," ni wọ́n wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Ṣé ẹni tó fini jẹ ò lè yọni ni?"

Akínwálé gbé òòlù sọ́wọ́ kan. "Ẹni tó bá ní kí Olóyè kúrò nípò, kó nawọ́ sókè!"

Ọwọ́ kankan kò yọ. Olóyè rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Wọ́n fẹ́ràn mi."

"Ọwọ́ wa ló dí, jàre," ni ìyá àgbà kan wí lábẹ́ ẹrù sùtánà.

"Ó dáa," ni Ṣùkúrátù wí. "Ẹ gbẹ́sẹ̀."

Wọ́n gbẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ nínú omi: ẹsẹ̀ lásán àwọn ọmọ ìjọ, sálúbàtà àwọn ará mọ́ṣáláṣí, ẹsẹ̀ tín-ín-rín ìyá àgbà tí ẹni méjì di mú kó má ṣubú. Ẹ̀ṣọ́ tó gbé Olóyè dé náà gbẹ́sẹ̀. Gbàdàmọ́sí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbé tirẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí kò fi ní hàn bí Olóyè bá borí, tí yóò sì hàn bí Olóyè bá pòfo.

Olóyè fárígá. "Asán! Kí lòfin wí? Ohunkóhun tí kò bá sí lórí búlọ́ọ̀gì, kò ṣẹlẹ̀! Búlọ́ọ̀gì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kò gbé ẹsẹ̀ kankan!"

Wọ́n sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Òótọ́ ni. Òfin ni. Àwọn fúnra wọn ló pàtẹ́wọ́ sí i.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn, ohùn jẹ́jẹ́.

"Orúkọ wo ni kí n fún un?"

Modúpẹ́ ni, lábẹ́ agbòjò, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Orúkọ kí ni?" ni Olóyè béèrè.

"Búlọ́ọ̀gì. Mo ti ṣí i. Orúkọ ló kù."

"Ìyá Níyì! A ò tíì pète tán!"

"Ìròyìn Ìrètí-Ayọ̀," ni Ṣùkúrátù wí. "Kúkúrú yẹn."

Modúpẹ́ tẹ̀ ẹ́. "Ó ku fọ́tò. Bàbá Níyì, ẹ má mira."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ mọ ohun tí Olóyè ṣe? Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí. Ó gbé àgbọ̀n sókè lórí òkúta, láàárín omi gọ́tà, ó sì wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń ná ayé.

"Kí ni kí n kọ?"

"Kọ pé a ti yọ Olóyè nípò," ni Ṣùkúrátù wí. "Kọ pé a fẹ́ wó òkúta."

"Ó tán?"

"Ó tán."

Modúpẹ́ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wọn àti sórí búlọ́ọ̀gì ẹ̀fọ́ rẹ̀. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún lápò kálukú, lábẹ́ sùtánà, lábẹ́ ẹrù. Ẹnikẹ́ni kò lè yọ tirẹ̀ wò, ọwọ́ dí. Ọwọ́ Olóyè nìkan ló ṣófo. Fóònù tirẹ̀ náà dún. Victor ará Phase 1 ni. Olóyè kò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí Victor ti ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ìyàwó òun.

"Ẹ kú oríire, Olóyè," ni Victor kọ. "Mo ti rí búlọ́ọ̀gì yín. Fọ́tò yín yẹn ò láfiwé."

Ojú Olóyè là bí ọ̀sán. "Phase 1 ti rí i?"

"Wọ́n ti rí i," ni Modúpẹ́ wí. "Kánádà náà ti ń rí i."

"Fọ́tò wo ni wọ́n ní kò láfiwé? Tèmi ò mọ̀ ọ́n ṣí. Mú un wá, jẹ́ n wò ó."

Modúpẹ́ kò kúrò lójú kan. Ó kàn na fóònù síwájú díẹ̀. Olóyè na ọwọ́, kò tó o. Ó tún nà. Ó wo omi, ó wo fóònù. Ó sọ̀kalẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ dáadáa tí òòlù Akínwálé fi balẹ̀.

Òkúta là sí méjì. OLÓYÈ lọ lápá kan, DÚRÓJAYÉ lọ lápá kejì. Akínwálé tún lù ú, ó tún lù ú, bí ẹni tó ń ronú pìwà dà. Gọ́tà la ẹnu. Àkèré ló kọ́kọ́ jáde, omi tẹ̀lé e pẹ̀lú ariwo. Ó gba fìlà Olóyè lọ, ó gba bàtà rẹ̀ kan. Gbàdàmọ́sí, tó ti di etí agbádá mú láti ìgbà tí wọ́n dé, jọ̀wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ sínú omi. Lọ́dọ̀ Ṣùkúrátù ló lọ dúró.

"Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí," ni ó wí.

"Ta lo sọ ọ́ fún?" ni Ṣùkúrátù bi í.

Aṣọ tó so rọ̀ kò là pátápátá. Omi ti tọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀ nínú wọn wò kó tó fà. Ṣùkúrátù gé ibi tó dọ̀tí, ó ṣẹ́ ẹ dáadáa, ó sì rán an. Lọ́jọ́ ìkórè, sùtánà àwọn kan gùn kanlẹ̀, tàwọn kan dúró sí agbede ojúgun. Àwọn àlejò láti Ajah rò pé àrà tuntun ni. Wọ́n ti ń wá béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ Ṣùkúrátù. Ọjọ́ gọ́tà náà jáde lórí búlọ́ọ̀gì, wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú, tolówó tálákà gbé ṣọ́bìrì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò yẹn, Olóyè jókòó ní kíṣìnnì. Kò sí ẹ̀ṣọ́, kò sí ẹni tó gbé àpò. Modúpẹ́ ń ṣa ẹ̀fọ́.

"Ìyá Níyì, ìgbà wo lo mọ nǹkan yìí?"

Modúpẹ́ dúró kó rán òun lọ bomi rin ẹ̀fọ́. Kò rán an. Modúpẹ́ fa àga, ó jókòó. "Láti ọdún tó kọjá ni," ni ó wí. "Mo ń se ẹ̀wà lọ́jọ́ náà…" Ọkọ rẹ̀ sì gbọ́ ọ dé ìparí. Mi ò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ku èsì àkọ́kọ́. Gbogbo Ìrètí-Ayọ̀ ti ka ọ̀rọ̀ náà, ẹnikẹ́ni kò sì fèsì, nítorí òfin ní ti Alága ni àkọ́kọ́, wọn kò sì tíì yan alága mìíràn. Wọ́n ń dúró. Nígbà tó yá, èsì kan yọ.

"Èmi, Olóyè Dúrójayé Ọdúnjọ, Alága àná, fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ yọ fọ́tò yìí kúrò, kí ẹ lo èyí tí mo ti gbé ayé dání."

Kò pẹ́ tí èsì kejì fi wọlé. Láti kíṣìnnì kan náà ni, láti ọwọ́ Modúpẹ́.

"A ti rí i. Ẹ fi pamọ́. Kọmítì Fọ́tò máa jókòó lé e lórí."